Ìyìn Tó Ba Ọ̀rọ̀ Matagitau Jẹ́

Mò ń gbọ́n omi òjò kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù mi nígbà tí Fuatino gba ẹ̀yìn ilé wọlé, tó di ìwé kan mú bí ẹni tó mú ẹja tó ti rà. Kò kí mi. Fuatino tí mo mọ̀, tó bá wọlé rẹ, á kí ẹ, á kí ajá rẹ, á bi ẹ́ léèrè ara adìẹ rẹ. Nígbà tí mi ò ti gbọ́ ẹ káàárọ̀, mo ti mọ̀ pé wọn ò fún wọn.

"Bàbá Lafaele, ṣé epo wà nínú ọkọ̀ yín?"

"Epo wà. Bíréèkì ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún."

"Ẹ gbé wa lọ sọ́dọ̀ Pelenatete. Wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn ò ní fún un."

Ọkọ ẹ̀ ni wọn ò fún lówó. Petaia lorúkọ ẹ̀, oyè ẹ̀ ni Matagitau. Ilé wọn àti ilé mi, igi àgbọn ló là wọ́n láàárín, bí ẹnì kan bá húkọ́ lọ́hùn-ún, èmi ni màá ní pẹ̀lẹ́. Ó wà lára àwọn ọmọ Tutuila, erékùṣù wa, tí wọ́n kó lọ sógun Iraq. Bọ́ǹbù kan tí wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bú lábẹ́ ọkọ̀ wọn níbẹ̀. Ó padà wálé tọwọ́tẹsẹ̀, gbogbo abúlé pa ẹlẹ́dẹ̀, a jó. Ó pẹ́ díẹ̀ ká tó mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ò bá a wá.

Ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo, ariwo ẹ̀rọ lé e jáde. Ó wá ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan, ó dá bọ́ọ̀sì dúró láàárín títì, àwọn ọmọ kún inú ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, ó sùn gbalaja mọ́lẹ̀. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Fuatino ni wọ́n sáré lọ pè. Tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó di ọwọ́ òsì ẹ̀ mú, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ wọn sí i létí, látorí àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn, títí ojú ẹ̀ fi wálẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan, ó gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan ṣì ń mì di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ìjọba ń san nǹkan díẹ̀ fún un nítorí ọgbẹ́ ogun. Ṣùgbọ́n owó kan wà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó àwọn tí ọgbẹ́ ogun ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́. Ìyẹn ni wọ́n bèèrè. Torí pé ẹ̀gbọ́n Fuatino tó wà ní Anchorage lókè òkun ti bá a wáṣẹ́ sílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó ní kó máa bọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè máa jẹun báyìí lọ. Bí owó yìí bá wá, Fuatino á dúró ti ọkọ ẹ̀. Bí kò bá wá, á lọ. Gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pelenatete ló ń bá àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì kọ̀wé sí ìjọba. Òun náà ti ṣe sójà rí. Obìnrin tó sanra ni, ẹnu ẹ̀ mú, tábìlì ẹ̀ kún fún ìwé débi pé orí ìwé ló ń gbé àwo oúnjẹ lé. Nígbà tá a débẹ̀, Petaia jókòó sídìí ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń ṣọ́ ọ̀nà. Pelenatete ka ìwé náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló kọ lẹ́tà ẹlẹ́rìí fún yín?"

Fuatino ní, "Pásítọ̀ Etuale kọ. Olórí abúlé kọ. Àwọn ìjòyè náà kọ. Ìwọ lo ní ká lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n."

"Èmi ni. Èmi ni mo fa gbogbo ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí Pásítọ̀ yín kọ." Ó fa ìwé kan yọ, ó ń kà á. "Matagitau ni igi ńlá tí gbogbo abúlé ń sá sábẹ́ ẹ̀. Kò mọ ìmẹ́lẹ́. Òun ni ẹnu wa. Tí òkú bá kú, tí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, òun ló ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àlejò. Ó mọ ìran gbogbo ìdílé lórí. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ń parí ẹ̀."

"Ó dùn," ni mo wí. Ó dùn lóòótọ́.

"Ó dùn jù, Bàbá. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ará òkè òkun tó ń pín owó náà fi dá wa lóhùn. Wọ́n ní ẹni tó lè dúró níwájú èrò, tó lè sọ̀rọ̀ láìwo ìwé, tó lè há ìran odidi abúlé sórí, tó lè parí ìjà, ẹni yẹn lè ṣiṣẹ́. Wọ́n tiẹ̀ sọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe."

"Iṣẹ́ wo?"

"Kó jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù."

Mo wo Fuatino, Fuatino wo ilẹ̀. Fóònù ilé wọn, inú àpótí aṣọ ló ń gbé, ìrọ̀rí ló wà lórí ẹ̀, torí ọjọ́ tó dún lójijì, ojú fèrèsé ni Petaia gbà jáde.

"Ṣùgbọ́n ìjòyè ni," mo wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ kí Pásítọ̀ kọ nípa ìjòyè? Ṣé kó dárúkọ ẹ̀ ṣákálá bí orúkọ ajá ni?"

"Ẹ̀yin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó sókè òkun lọ́hùn-ún tó ń ka ìwé yìí, ó rò pé ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n ń sọ." Ó ti àwo oúnjẹ ẹ̀ sẹ́yìn. "A lè dá wọn lóhùn. Àyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo nílò lẹ́tà tuntun látọ̀dọ̀ ẹni tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè, tó máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an tí Matagitau bá dìde."

Petaia ò yíjú sí wa. Ọ̀nà ló ń ṣọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èmi ò joyè, èmi kì í wọlé ìgbìmọ̀, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà nídìí iná níbi tá a ti ń se kókò. Ṣùgbọ́n ilé ìpàdé wa ò ní ògiri, òpó nìkan ló ní, ẹni tó bá ń fẹ́ná náà á máa wòran. Petaia á dìde. Á gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sí èjìká, á fi ọwọ́ ti ọ̀pá oyè, á la ẹnu. Nǹkan kan ò ní jáde. Òógùn á máa dà lójú ẹ̀, àwọn àlejò á máa wo ẹní tí wọ́n jókòó lé, kí ojú wọn má bàa pàdé tiẹ̀. Tó bá wá ṣe díẹ̀, àgbà ìjòyè tó kọjú sí i á ní, "Ẹ ṣeun, Matagitau. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iyì yín." Gbogbo ilé á ní ó dùn, ó dùn. Ẹlòmíì á wá dìde, á ní òun kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún ohun tí Matagitau ti sọ, á wá sọ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìgbà tí bàbá Petaia ti kú tí oyè fi kàn án nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Kò sẹ́ni tó ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀. Inúure ni. Mi ò tíì rí inúure tó tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Mo kọ́kọ́ ní kí èmi sọ tèmi kí Pelenatete kọ ọ́. Mo sọ ti bọ́ọ̀sì, mo sọ ti eyín mi, mo sọ ohun tí mo ń rí nínú ilé ìpàdé.

"Níbo lẹ wà tẹ́ ẹ ti ń rí i, Bàbá?"

"Nídìí iná."

"Kí lẹ̀ ń ṣe nídìí iná?"

"Mò ń se kókò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n máa ní kókò ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Mo máa fi tiyín kún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹni tó wà nínú ilé."

A lọ sọ́dọ̀ Pásítọ̀ Etuale, èmi àti Fuatino. Ó gbé kòkó gbígbóná fún wa, ìyàwó ẹ̀ gbé búrẹ́dì wá. Ó ka ìwé náà, ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún un kà.

"Ṣé torí ohun tí mo kọ ni?"

"Torí ẹ̀ ni, Pásítọ̀," Fuatino ní.

"Àdúrà ni mo gbà kí n tó kọ ọ́."

"A mọ̀, sà."

"Kí wá lẹ fẹ́ kí n kọ báyìí?"

"Òtítọ́ ni, sà. Pé kò lè sọ̀rọ̀. Pé nígbà tí wọ́n yin ìbọn níbi ìsìnkú sójà kan, ó tọ̀ sára níwájú ìjọ. Ẹ̀yin lẹ bọ́ aṣọ yín tẹ́ ẹ fi bò ó."

Pásítọ̀ gbé ife ẹ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó mu kòkó mọ́. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Fuatino, ìwé tí wọ́n bá ti kọ kì í kú. Ọmọ ọmọ Matagitau á kà á lọ́jọ́ kan. Á ní pásítọ̀ ìjọ ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé bàbá ńlá òun ń tọ̀ sára."

"Ọmọ ọmọ Matagitau wà ní Texas, sà. Kò gbọ́ èdè wa."

"Kò gbọ́ ọ lónìí."

"Pásítọ̀, tí mo bá lọ, ta ló máa wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bá a?"

Ọkùnrin náà sunkún. Mi ò sọ ọ́ láti bú u o, ó sunkún ni. Ó ní ohunkóhun míì tí wọ́n bá fẹ́, òun á ṣe é. Òun á gba ààwẹ̀. Òun á dá owó jọ nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú ilé Matagitau, májẹ̀mú ló wà láàárín àwọn látọjọ́ aláyé ti dáyé, ọwọ́ òun ò lè kọ ìwé ẹ̀gàn nípa ẹni tó bá wà lórí oyè yẹn.

A kọjá sọ́dọ̀ olórí abúlé. Ìyẹn ò tiẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán. Inú bí i sí àwọn ará òkè òkun. Ó ní ìwọ̀sí ni. Ó ní ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé a ò yin Matagitau tó ni, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún òmíràn kọ tó máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun á fi ti ìlà ìdílé ẹ̀ sí i, òun á fi ti bàbá ńlá ẹ̀ tó ri ọkọ̀ ojú omi àwọn ọ̀tá sí i. Fuatino bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tá a fi dénú ọkọ̀. Inú ọkọ̀ ló ti yí padà di ẹkún.

Àwọn ìjòyè tó kù ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ̀rù ò bà wọ́n, ìkórìíra kọ́. Wọ́n kàn ń wo Fuatino bí ẹni pé ó ní kí wọ́n bọ́ra síhòòhò ní gbàgede. Ọ̀kan ní orí ń fọ́ òun. Ọ̀kan fún wa ní ìdì kókò.

Kitiona ló wá bá wa fúnra ẹ̀.

Bàbá Kitiona àti bàbá Petaia, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tí oyè yẹn ṣófo, Kitiona rò pé òun ló kàn, ìdílé sì mú Petaia torí ogun tó lọ. Láti ọjọ́ yẹn, Kitiona ò jẹun nílé Petaia mọ́, àfi tí òkú bá kú. Ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó mọ̀wé, ó mọ̀rọ̀ sọ. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé agolo ẹran màlúù dání, ó jókòó sórí ẹní níwájú Petaia, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara ẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹni tó máa sọ òtítọ́," ó ní.

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Kitiona, ìwọ àti ẹja àkurákudà, ọmọ ìyá kan náà ni yín. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì kán sómi, o ti dé."

"Bàbá Lafaele, àkurákudà kì í purọ́ ṣá." Ó yíjú sí Fuatino. "Mo wà nínú ìgbìmọ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ látìgbà tó ti joyè. Ohun tí mo rí ni màá kọ, mi ò ní fi irọ́ kankan kún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá kọ ọ́ fún òyìnbó pé kò lè ṣe iṣẹ́ oyè, mi ò lè wá dákẹ́ nílé. Màá gbé ẹ̀dà ẹ̀ síwájú ìdílé. Ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ẹ má ní mi ò sọ."

"O fẹ́ gba oyè," Fuatino ní.

"Mo fẹ́ ẹ látijọ́. Ṣé mo fi pa mọ́ rí?"

"Dìde nílé mi."

"Mò ń lọ. Ẹ ronú sí i."

Petaia tí ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ló ní, "Jókòó, Kitiona. Kọ ọ́."

Fuatino ní, "Petaia, oyè bàbá rẹ ni. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ́ kó bọ́ kúrò nínú ilé yín."

"Oyè ò wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kitiona tún jókòó.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Pelenatete ka lẹ́tà Kitiona sókè. Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀tá ẹni nìkan ló lè mọni tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ bí ẹnu Petaia ṣe máa ń là sílẹ̀. Ó kọ bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n débi pé ìdí ọ̀pá á máa lu òkúta ilẹ̀, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un. Ó kọ pé Petaia gbàgbé orúkọ bàbá ara ẹ̀ níwájú àlejò, pé òun Kitiona ló sọ ọ́ sí i létí, tó sì tún gbàgbé ẹ̀. Ó kọ pé gbogbo ìgbìmọ̀ ló mọ̀, pé ìtìjú ló ń jẹ́ kí wọ́n máa bò ó. Kò bú u níbì kankan. Pelenatete bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní, "Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an nìyí." Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí ìrètí lójú Fuatino. Ó ra áísìkirimù fún èmi àti Petaia lọ́nà ilé, àwa àgbàlagbà méjì, a ń lá a nínú ọkọ̀.

Ìdílé pe ìpàdé. Wọn ò pariwo. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo Petaia látẹ̀yìnwá, ọ̀rọ̀ dídùn náà ni wọ́n fi gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí. Àgbà ìjòyè ní, "Ó ti rẹ Matagitau, ẹ jẹ́ kó sinmi." Petaia fúnra ẹ̀ ló gbé ọ̀pá náà lé Kitiona lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ kékeré kan kọjá níwájú ilé wọn, ó ní "Petaia, ẹ káàárọ̀." Mo fẹ́ gbá a létí, mo wá rántí pé orúkọ tó kù fún un nìyẹn.

Àwọn ará òkè òkun dáhùn. Pelenatete fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sí abúlé, a sì ti mọ̀ pé kò dáa, torí obìnrin yẹn kì í gun òkè wa láìnídìí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wọ́n ní lẹ́tà tó yìn ín pọ̀ ju èyí tó sọ àléébù lọ," ó ní. "Wọ́n ní pásítọ̀ ló kọ ọ̀kan nínú wọn, kò sì sídìí tí pásítọ̀ fi máa purọ́. Wọ́n ní Kitiona, òun ló gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó ní èrè nínú ọ̀rọ̀ ni, àwọn ò lè gbára lé ẹnu ẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?" mo ní.

"Wọ́n ní ẹ ò jókòó nínú ìpàdé, Bàbá."

"Ṣé wọ́n sọ ti kókò?"

"Wọn ò sọ ti kókò."

Petaia wá bi í pé, "Ṣé iṣẹ́ fóònù yẹn ṣì wà?" Àwàdà ló fi ṣe. Ó ti pẹ́ gan-an tá a ti gbọ́ àwàdà lẹ́nu ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Fuatino béèrè ohun tó kù. Pelenatete ní ó ku àwọn adájọ́ tó wà lókè pátápátá, èrò tó ń dúró dè wọ́n pọ̀ jọjọ, ó lè jẹ́ ọdún mélòó kan kó tó kàn wọ́n. Ó ní òun á fi orúkọ wọn sí i. Fuatino ní kó fi sí i. Ó wọlé lọ, a gbọ́ tó ṣí àpótí aṣọ, tó gbé fóònù jáde, tó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó lò kẹ́yìn, èmi ló ń kọ́ níṣẹ́, torí àwọn ọmọ wọn ti tú ká sókè òkun.

"Ọwọ́ òsì, Bàbá. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀tún, ọ̀tún ló fi ń gbá èèyàn."

"Mo mọ̀. Eyín mi náà mọ̀."

"Ẹ má pariwo. Ẹ fẹnu sún mọ́ etí ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́bí. Ẹ sọ wọ́n fún mi kí n gbọ́."

Mo ka orúkọ àwọn ọmọ náà, mo fi èyí tó tẹ̀ lé àkọ́bí ṣe àbígbẹ̀yìn. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, mo tún ṣì í. Ó ní tí mo bá ṣì í, ọkàn ẹ̀ ò ní padà, á rò pé ọmọ kan ti kú. Ó di ọwọ́ òsì tèmi mú láti fi hàn mí. Mo kà á dáadáa nígbà tó yá. Ó ní, "Ó dáa." Ojú ẹ̀ ò sọ pé ó dáa.

Mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn dé pápá ọkọ̀ òfúrufú. Fuatino fi ẹ̀gbà òdòdó tá a fi ń kọ́ ọrùn ẹni tó ń lọ kọ́ ọrùn Petaia, dípò kó jẹ́ Petaia ló fi kọ́ tiẹ̀, torí Petaia ò rántí mú un wá. Kò sunkún níwájú ẹ̀. Ó ní òun á máa pe fóònù mi, kì í ṣe tilé wọn. Petaia ń wo gbogbo ẹni tó ń wọlé, ó ń wo àpò wọn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Fuatino ti wọlé lọ.

Ó di ìgbà mélòó kan tí mo ti lo àwọn orúkọ yẹn. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìgbà tó kù, mo kàn jókòó tì í sílẹ̀, mò ń dúró títí tó fi rẹ̀ ẹ́.

Pásítọ̀ Etuale ló wá sílé mi lọ́jọ́ kan, ó di Bíbélì àti ìwé kan mọ́ àyà. Petaia wà lọ́dọ̀ mi, à ń jẹ kókò pẹ̀lú ewé tí mo fi omi àgbọn sè. Pásítọ̀ ò fẹ́ jókòó. Ó ní òun ti kọ ọ́. Ó ní ní báyìí tí Petaia kì í ṣe Matagitau mọ́, ọwọ́ òun ti tú. Ó ní òun fẹ́ kà á létí ẹni tó ni í kí òun tó fi ránṣẹ́, torí òun ò ní sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn.

Ó kà á. Ó kọ ti ìbọn ìsìnkú. Ó kọ ti aṣọ tó fi bò ó. Ó kọ pé lẹ́tà tí òun kọ́kọ́ kọ, oyè ni òun kọ̀wé nípa ẹ̀, kì í ṣe ọkùnrin yìí. Ó kọ pé Petaia ò lè dá wà, pé kò lè ṣe iṣẹ́ kankan tí òun mọ̀ lábẹ́ ọ̀run. Petaia gbé àwo oúnjẹ ẹ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

"Ẹ ṣeun, Pásítọ̀," ó ní nígbà tó parí.

"Dárí jì mí. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ò lè kọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Mi ò lè kọ ọ́."

"Ẹ jókòó, ẹ bá wa jẹun."

Ó jókòó, ó jẹun. A ò tún sọ̀rọ̀ ìwé náà mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ fún Pelenatete, ó kà á lórí ìdúró, ó fi kún èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́. Ó ní lẹ́tà dáadáa ni. Mo bi í pé ṣé ká máa retí ìdáhùn lọ́dún yìí, kí n sọ fún Fuatino tó bá pè. Ó ní rárá. Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó wo ojú fèrèsé, ó ní kí n tètè máa lọ, kí òjò má bàa ká mi mọ́ orí òkè.